Ràfátù Aláàárù àti Àwọn Ọkùnrin Tí Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn Án

Ràfátù ìyàwó Ọlábámijí kò ga, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ le ju òpó ilé lọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n láti kékeré ní, lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kí agbẹ̀bí tó gbé e, òun ló kọ́kọ́ nawọ́ láti gbé agbẹ̀bí. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tí odidi agboolé bá fẹnu kò lé lórí kì í ṣe irọ́ kékeré.

Ẹrù rírù niṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń ru iṣu àti èlùbọ́ àwọn oníṣòwò láti Ojoku wá sí Ọ̀fà. Bó bá gbé ẹrù karí, á máa sọ̀rọ̀, á máa jẹ iṣu sísun, á sì tún máa bá ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè jà lórí ọ̀rọ̀ àná, gbogbo rẹ̀ láì fọwọ́ di ẹrù mú. Wọ́n ní ìjì kan jà lọ́nà Ojoku nígbà kan, ó wó igi, ó ṣí òrùlé, ó gbé ewúrẹ́ kan lọ sí ìlú tí ewúrẹ́ náà ò ní ẹbí kankan sí. Ẹrù orí Ràfátù kò mì.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó wá ń la ọ̀nà irin bọ̀ láti Òṣogbo, wọ́n nílò erùpẹ̀. Ilẹ̀ gíga tí irin náà gùn lé lónìí, orí obìnrin ló gbà dé ibẹ̀, agbọ̀n kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn ọkùnrin ń wa ilẹ̀. Bí wọ́n bá wà á díẹ̀, wọ́n á sinmi. Bí wọ́n bá sinmi tán, ìsinmi náà á rẹ̀ wọ́n, wọ́n á tún sinmi lé e. Àwọn obìnrin ń rù. Bí wọ́n bá kó gbogbo erùpẹ̀ tí Ràfátù nìkan rù jọ sójú kan, òkè kan ì bá wà lẹ́yìn Ọ̀fà lónìí tí àwọn ọmọdé á máa gùn láti wo ohun tí wọ́n ń sè n'Ílọrin. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sí ọkùnrin kan tó dìde láti sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Ìgbà tó yá, ọkọ̀ ojú irin wọ Ọ̀fà. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, gbogbo adìẹ ìlú gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yé ẹyin. Àwọn arúgbó tó ti ń rọra kú bọ̀ láti ọdún tó kọjá dìde lórí ẹní, wọ́n ní ikú dúró ná, àwọn fẹ́ lọ wò ó. Àwọn oníṣòwò náà yí padà. Iṣu Ojoku kò wá sí ọjà Ọ̀fà mọ́ bíi ti àtijọ́. Tésàn ọkọ̀ náà ló ń lọ tààrà. Ibi tí iṣu bá lọ, iṣẹ́ Ràfátù náà ló lọ yẹn. Bí kò bá ríṣẹ́ ní tésàn, kò níṣẹ́ kankan mọ́ láyé, àfi kó máa tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sóko lọ máa fa koríko. Ràfátù sì kórìíra koríko ju bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Akọ̀wé tó ń bójú tó tésàn nígbà náà ń jẹ́ Dúrótìmí, ọmọ Abẹ́òkúta kan tí bàtà rẹ̀ máa ń dún kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Ó ní kí àwọn aláàárù kó ara wọn jọ, kí wọ́n yan olórí, kí wọ́n sì máa dé fìlà pupa, kí èrò ọkọ̀ lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí olè. Bó ṣe di pé ẹrù rírù ní fìlà báyìí, ọjọ́ náà gan-an ló di iṣẹ́ ọkùnrin. Àwọn tí wọ́n ti ń sinmi láti ìgbà erùpẹ̀ sáré dé.

Ọmọ Ọ̀fà kì í gbé ohun tí ìjàkadì lè yanjú lọ bá ẹnikẹ́ni. Torí náà, nígbà tó kan ọ̀rọ̀ olórí, agbo ìjàkadì ni wọ́n pè. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sàláwù ló kọ́kọ́ bọ́ síbẹ̀. Itan Sàláwù kan ṣoṣo tó láti fi ṣe ọ̀wọ̀n mọ́sálásí. Ó gbá itan náà, ó ní kí ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ jáde. Àwọn yòókù wo itan, wọ́n wojú ara wọn. Ọ̀kan ní inú ń run òun. Òmíràn ní ìyá òun ti kìlọ̀ fún òun kó tó kú pé kí òun má jà lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ìyá náà sì wà níbẹ̀ tó ń gbọ́. Kò sẹ́ni tó jáde. Òfin agbo sì ni pé ẹni tó bá bọ́ síta, tó pè, tí kò rí ẹni dá a lóhùn, òun ló borí. Báyìí ni Sàláwù ṣe di olórí aláàárù láì jẹ́ pé eruku ta sí i lára. Láti ọjọ́ náà, ó ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dé fìlà pupa gbọ́dọ̀ bọ́ sójú agbo, kó borí ọ̀kan nínú àwọn tó ti ń dé e.

Ràfátù ká òṣùká rẹ̀, ó di tésàn. Ó bá Sàláwù lórí àpótí kan, níbi tó gbé ń fi ẹnu ru ẹrù.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n."

"Ìyàwó, káàárọ̀ o. Ta lo wá sìn?"

"Mi ò wá sin ẹnì kankan. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

Sàláwù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò ó bọ̀ láti ẹsẹ̀ dé orí, bóyá yóò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbà jáde. "Obìnrin ò lè ru ẹrù tésàn."

"Kí ló ṣe ẹrù tésàn, ẹ̀gbọ́n?"

"Ó wúwo."

"Iṣu tí mo ń rù láti Ojoku ńkọ́?"

"Ìyẹn iṣu ni."

"Kí ló wà nínú àpò tí ẹ fẹ̀yìn tì yìí?"

Sàláwù yíjú wo àpò náà. Iṣu ni. Ó ronú díẹ̀. "Iṣu tó bá ti fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin," ó ní, "iṣu ọkùnrin nìyẹn."

Ràfátù kò bá a jiyàn. Ó yà sọ́dọ̀ akọ̀wé. Dúrótìmí kò gbójú sókè. "Èmi ò mọ ọkùnrin, èmi ò mọ obìnrin," ó ní. "Ẹrù ni mo mọ̀. Ẹni tí àwọn aláàárù bá fún ní fìlà, òun ni aláàárù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú."

Ràfátù padà sọ́dọ̀ Sàláwù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹni tó bá borí lágbo ló ń dé fìlà?"

"Òfin nìyẹn."

"Kò burú. Ẹ bá mi pe agbo."

Àwọn aláàárù bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọkọ̀ tó ti fun fèrè, tó fẹ́ máa lọ, tún dúró díẹ̀ láti mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Sàláwù náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó ní ó dáa, kí agbo jókòó ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Kò sí olórí kan tí wọ́n á bi léèrè òfin ara rẹ̀ lójú gbogbo ayé, kó ní òun gbàgbé.

Ẹ̀rín náà tán nígbà tí wọ́n jókòó láti yan ẹni tó máa bá a jà. Gbogbo wọn ló ní ìdí. Káyọ̀dé, tó lágbára jù nínú wọn, ló sọ ọ́ síta.

"Bí mo bá dá a délẹ̀, wọ́n á ní mo na ìyá ọlọ́mọ. Àwọn obìnrin ìlú á fi mí kọrin títí n ó fi dàgbà, ọmọ mi á sì jogún orin náà. Bó bá wá dá mi délẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rìn-Ilé ni n ó kó lọ, wọn ò sì ní gbà mí lọ́hùn-ún."

"Kò sí èyí tó máa ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì," ni Sàláwù wí. "Ṣé kò lọ́kọ ni? Ẹ jẹ́ á lọ bá ọkọ rẹ̀."

Ọlábámijí ń pọ́n àdá lójúde nígbà tí wọ́n dé. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Ó lè sọ ọ̀rọ̀ kan láàárọ̀, kó kó ìyókù pamọ́ de ọdún tó ń bọ̀. Sàláwù kí i, ó kí àwọn àgbà agboolé, ó wá la ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ọlábámijí, ìyàwó rẹ ní àfi kóun bá wa ja ìjàkadì."

Ọlábámijí ń pọ́n àdá.

"Ọ̀rọ̀ ìjàkadì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu o. Dídìmú ni. Ṣé ìwọ náà fara mọ́ ọn kí ọkùnrin kan di ìyàwó rẹ mú ní ìbàdí, níwájú gbogbo ọjà, kó gbé e sókè báyìí, kó tún gbé e báyìí?" Sàláwù fi ọwọ́ ṣe é.

Àdá dúró. "Ta ló fẹ́ dì í mú?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́! Ìdí rẹ̀ nìyẹn tá a fi wá bá ọ."

"Mo ní, ta ló fẹ́ dì í mú ní ìbàdí?"

Ọlábámijí dìde. Ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń kó pamọ́ láti kékeré sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ọkùnrin tó bá fọwọ́ kan ìyàwó òun, ì báà ṣe ìbàdí, ì báà ṣe apá, ì báà ṣe ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù, òun àti olúwa rẹ̀ ló máa dé ààfin, bí àwọn méjèèjì bá ṣì ní ẹsẹ̀ tí wọ́n á fi rìn débẹ̀. Ó fi Kùránì búra. Ó fi irin àdá búra tẹ̀ lé e, nítorí àwọn tí Kùránì kò bá yé. Àwọn àgbà agboolé ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Inú Sàláwù dùn. Ó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kó má baà sí ẹni tí kò gbọ́, ó rán àwọn èèyàn rẹ̀ yí gbogbo ọjà ká kí wọ́n máa sọ ọ́: Ọlábámijí ti búra o, kò sí ọkùnrin tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀ o. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn aláìlétí nìkan ni kò tíì gbọ́.

Ràfátù ń fọ agbọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí Àṣíátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ru erùpẹ̀, gbé ìròyìn náà dé tẹkúntẹkún.

"Ó ti parí. Ọkọ rẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Ó ní ọkùnrin kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ọ́. Níbi tá a ti ń fojú sọ́nà, tá a ní bí ìwọ bá wọlé, àwa náà á tẹ̀ lé ọ! Èmi ti lọ ra òṣùká tuntun!"

"Ta ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ta?"

"Àwọn ọkùnrin. Wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ọ́."

"Èmi ńkọ́? Wọ́n ní kí n má jáde?"

Àṣíátù yanu. Ó pẹ́ kó tó rántí láti pa á dé.

Ràfátù gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa bí ìyàwó tí wọ́n tọ́. "Bàbá Ṣẹ̀rífátù, mo gbọ́ pé ẹ ní ọkùnrin kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ ní kí n má bọ́ sójú agbo ni?"

Ọlábámijí ro ó. Ó ro ó títí ọbẹ̀ fi dì. "Mi ò sọ ìyẹn."

"Ẹ ṣé, olówó orí mi."

Ó jẹun. Ó fọwọ́. Nígbà tí Ràfátù ti kó àwo lọ tán ni wọ́n gbọ́ tí Ọlábámijí ń rẹ́rìn-ín, òun nìkan, nínú yàrá.

Lọ́jọ́ ọjà náà, Ọ̀fà dà síta. Àwọn aláìsàn ní kí wọ́n gbé àwọn. Àwọn tó jẹ gbèsè jáde, àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè rí wọn, wọn ò sì ráàyè sìn wọ́n. Baba arúgbó tó ń bójú tó agbo jókòó sí ipò rẹ̀. Ràfátù gbá ọ̀já mọ́ ìbàdí, ó bọ́ sí àárín, ó yí agbo ká.

"Èmi Ràfátù rèé o! Ta ló ń bọ̀?"

Kò sí ìdáhùn. Àwọn aláàárù ń wo ẹsẹ̀ ara wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́jà. Ọlábámijí dúró lẹ́bàá agbo, ó káwọ́ pọ̀ mọ́ àyà. Káyọ̀dé, tí ojú ti ń tì, yọ ẹsẹ̀ kan sínú agbo. Ọlábámijí wúkọ́. Káyọ̀dé yọ ẹsẹ̀ náà padà bí ẹni tó tẹ ẹyín iná.

"Ẹ̀yin ọkọ mi," ni Ràfátù tún pè, "ẹ bá mi wá ẹnì kan ṣoṣo. Oòrùn ń pa mí."

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Sàláwù rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, ó fò síta. "Baba, èyí kì í ṣe ìjàkadì! Agbo ò ka obìnrin kún. Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, obìnrin ò bá ọkùnrin jà rí!"

"Irọ́ lo pa!" Àṣíátù ké láti ẹ̀yìn. "Ìyá tó bí ọ ló kọ́kọ́ bá ọ jà, nígbà tó o kọ̀ tó o ò jáde! Orí tó o fi dí i lọ́nà lọ́jọ́ náà lo gbé fìlà lé yìí!"

Ẹ̀rín tí ọjà rín lọ́jọ́ náà wó ìsọ̀ méjì. Ìyá Sàláwù gan-an rẹ́rìn-ín.

Baba arúgbó gbọ́wọ́ sókè títí ariwo fi rọlẹ̀. "Sàláwù."

"Ẹ pè mí, baba."

"Lọ́jọ́ tó o di olórí, ta lo dá délẹ̀?"

Sàláwù bẹ̀rẹ̀ sí í tún fìlà rẹ̀ dé.

"Mo ní ta lo dá délẹ̀? Èmi ni mo jókòó síbí lọ́jọ́ náà. Ojú mi ti ń ṣú, àmọ́ mi ò rí ẹni tó ṣubú."

"Kò... kò sí ẹni tó jáde, baba."

"Ó dára. Bí ẹni tó pè tí wọn ò dá lóhùn bá borí, obìnrin yìí ti borí. Bí kò bá borí, ìwọ náà ò borí rí nìyẹn. Ṣí fìlà sílẹ̀, ká pe agbo tìrẹ tuntun báyìí."

Sàláwù yíjú wo àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó di olórí, ọrùn wọn tín-ín-rín. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ru ẹrù, tí òun ń jókòó lórí àpótí. Ọrùn wọn ti ki báyìí. Káyọ̀dé ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti mọ́lẹ̀ kedere. Ìyàwó ẹnì kankan kọ́ ni Sàláwù.

"Ó borí," ni Sàláwù wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Ẹ fún un ní fìlà."

Wọ́n fún un. Fìlà náà fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, ó sì dé e lé gèlè.

Àwọn aláàárù kò wá gbà bẹ́ẹ̀ ní tésàn. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àwọn ò ní bá a jà, àwọn ò ní bá a sọ̀rọ̀, èrò ọkọ̀ ni àwọn á kìlọ̀ fún. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, wọ́n tò sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń ké pé, "Ẹ má gbé e fún obìnrin o! Á dà á nù o! Ọrùn rẹ̀ ò gbà á o!" Ràfátù dúró sẹ́yìn wọn pẹ̀lú òṣùká lọ́wọ́. Ẹni àkọ́kọ́ sọ̀, ó gbé ẹrù fún ọkùnrin. Ẹnì kejì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń wo ẹrù bó ṣe ń kọjá lọ níwájú rẹ̀. Bí kò bá rí ẹnì kan gbé ẹrù fún un, fìlà pupa yẹn kò yàtọ̀ sí igbá tí wọ́n dé lé e lórí.

Obìnrin oníyọ̀ kan láti Ìbàdàn ló wá sọ̀. Ó ga, ó sanra, ó sì ti bínú kó tó kúrò nílé.

"Ìyá, ẹ gbé e wá, ẹ má wo obìnrin yẹn," ni Káyọ̀dé wí, ó ti nawọ́ sí àpò iyọ̀ náà.

"Ta ni ìyá rẹ? Ṣé ìwọ kọ́ lo da iyọ̀ mi sínú kòtò níjọ́sí? Tó o tún ní òjò ni, nínú ọ̀gbẹlẹ̀?" Ó tì í kúrò lọ́nà. "Ìyá aláàárù! Ìwọ tó o dé fìlà lé gèlè! Wá gbé e."

Ràfátù gbé e karí láì mí kanlẹ̀. Obìnrin náà fọwọ́ lu àpò, àpò kò mì. Ó yí sẹ́yìn, ó ké wọ inú ọkọ̀ ní ohùn tí wọ́n gbọ́ ní Ẹ̀rìn-Ilé. "Ẹ̀yin ìyá oníṣòwò! Ẹ̀yin tí wọ́n ń pariwo mọ́, tí wọ́n ń da ẹrù yín sílẹ̀! Obìnrin kan wà níbí o!"

Wọ́n rọ́ jáde. Ti oníkòkò ni, ti aláṣọ ni, ti olóbì ni, gbogbo wọn na ẹrù sí Ràfátù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọrùn kan ṣoṣo ló ní. Ó yíjú sí ọgbà tésàn, níbi tí Àṣíátù àtàwọn obìnrin ìgbà erùpẹ̀ gbé dúró tí wọ́n ń wòran.

"Ẹ máa bọ̀!" ó ké. "Kí lẹ̀ ń wò?"

"Rárá o!" Sàláwù dìde lórí àpótí. "Wọn ò dé fìlà! Àwọn yẹn ò tíì bọ́ sójú agbo!"

"Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ pè wọ́n síta báyìí, gbogbo wọn ti múra." Ràfátù ń lọ, kò dúró, àpò iyọ̀ jókòó sórí rẹ̀ bí olóyè. "Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ya ilé àwọn ọkọ wọn, kí ẹ lọ tọrọ ìbàdí."

Sàláwù wo àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń wo ọkọ̀. Àwọn obìnrin ti wọlé, ẹrù ti ń gun orí, Dúrótìmí akọ̀wé sì tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n má baà tẹ bàtà mọ́ ọn lára.

Ìkòkò mẹ́ta ló kan Àṣíátù, wọ́n to wọ́n léra, wọ́n tún fi obì dí àárín wọn. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ọjà, ó ní ara òun ò gbà á mọ́.

"Ràfátù! Ṣé nítorí èyí lo ṣe lọ dúró sínú oòrùn lójú gbogbo ayé? Ọrùn mi ti wọ inú àyà lọ o!"

"Ẹnu lò ń fi ru ú ni? Yà fún ọmọlúàbí, kó kọjá."